Ta ló fọwọ́ síwèé yẹn? Ilẹ̀, èédú àti gáàsì àwọn Navajo àti Ute

Arábìnrin kan tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó láti Houston lọ sí Farmington ní New Mexico, ló kọ̀wé sí mi. Ó ní: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Navajo ni ọ̀pọ̀ àwọn tí mò ń tọ́jú níbí, àwọn Ute náà wà níbẹ̀. Ibi tí mo bá wakọ̀ gbà, kànga gáàsì àti ẹ̀rọ tó ń fa epo ni mò ń rí, síbẹ̀ àwọn aláìsàn mi kan ò níná nílé, inú ọkọ̀ ni wọ́n fi ń gbé omi. Màmá àgbà kan ní ìjọba lé àwọn kúrò nílẹ̀ torí ìjà àwọn àti Hopi, ẹ̀yà ọmọ bíbí mìíràn tó múlé gbè wọ́n, ọmọ ẹ̀ náà sì ti ń wá ìwé láti ọdún mẹ́ta kó lè kọ́lé síbi tí wọ́n bí i sí. Ta gan-an ló ni ilẹ̀ yìí? Báwo lèèyàn ṣe máa jókòó lórí owó, kí ìyà tún máa jẹ ẹ́?"

Àǹtí nọ́ọ̀sì, ẹ kú iṣẹ́ ìtọ́jú. Ohun tí ẹ bi mí yìí ló gbé mi dé ìdí iṣẹ́ tí mò ń ṣe, kíka ìwé lísì, ìyẹn ìwé tí wọ́n fi ń yá èèyàn nílẹ̀, lórí ilẹ̀ àwọn ọmọ bíbí Amẹ́ríkà, torí náà ẹ jẹ́ n dáhùn ẹ̀ dáadáa, ẹ má bínú tó bá gùn.

Èyí tó ń rú ọ̀pọ̀ èèyàn lójú ni n ó kọ́kọ́ mú. Ilẹ̀ Navajo fẹ̀ tó 27,000 máìlì níbùú lóròó, ó wọ Arizona, New Mexico àti Utah, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìpínlẹ̀ Yorùbá mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ní Nàìjíríà pa pọ̀. Àwọn ló ń gbé e, àwọn ló ń da àgùntàn níbẹ̀, wọ́n ní ìjọba tiwọn ní Window Rock, wọ́n ní ọlọ́pàá, wọ́n ní kọ́ọ̀tù. Àmọ́ ìwé ilẹ̀ yẹn, Washington ló dì í mú. Láti 1823 ni kọ́ọ̀tù tó ga jù ní Amẹ́ríkà ti sọ pé àwọn ọmọ bíbí ilẹ̀ lẹ́tọ̀ọ́ láti máa gbé orí ilẹ̀ wọn, ṣùgbọ́n ìjọba àpapọ̀ nìkan ni wọ́n lè tà á fún, nígbà tó sì di 1831, kọ́ọ̀tù kan náà tún ní bí ọmọ ṣe rí lọ́wọ́ alágbàtọ́ ni wọ́n ṣe rí lọ́wọ́ ìjọba. Alágbàtọ́ yẹn ni kí ẹ mú dání. Tí bàbá bá kú, tó filé sílẹ̀ fún ọmọ kékeré, tí àbúrò bàbá ń bá a gba owó ilé, ọmọ ló nilé lóòótọ́, àmọ́ àbúrò bàbá ló ń bá ayálégbé sọ̀rọ̀, òun ló ń fọwọ́ síwèé, òun ló ń ka owó. Tó bá jẹ́ olóòótọ́, kò burú. Tí òun àti ayálégbé bá wá jọ ń jẹun ńkọ́?

Òfin tí wọ́n fi ń yá ilẹ̀ wọn fún àwọn tó ń wa èédú, epo àti gáàsì, 1938 ni wọ́n ṣe é. Ìgbìmọ̀ ẹ̀yà ló máa kọ́kọ́ gbà, lẹ́yìn náà Sẹ́kítírì Interior ní Washington, mínísítà tó ń rí sí ilẹ̀ ìjọba àti ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ bíbí, á fọwọ́ sí i kó tó lè dúró. Lísì yẹn kì í kọjá ọdún 10, "àti iye ọdún yòówù tí nǹkan bá ṣì ń jáde nílẹ̀ níye tó mówó wá." Ọ̀rọ̀ kékeré tó kẹ́yìn yẹn ló gbé gbogbo ilé. Ilé-iṣẹ́ tó gba lísì ní nǹkan bí 1957, tó bá ní kànga kan tó ṣì ń yọ epo díẹ̀díẹ̀, lísì yẹn ṣì wà láàyè lónìí, iye tí wọ́n kọ sínú ẹ̀ nígbà tí bàbá àgbà fi àtàǹpàkò tẹ̀wé náà ni wọ́n ṣì ń san. Iye yẹn ni wọ́n ń pè ní róyátì, owó tí ẹni tó ń wa ilẹ̀ ń san fún onílẹ̀ lórí ohun tó wà jáde, ìṣákọ́lẹ̀ làwa ń pe irú ẹ̀, èmi náà á kúkú máa pè é bẹ́ẹ̀.

Kí àwọn Navajo tó dé ìdí lísì, ojú wọn ti rí nǹkan. Diné ni wọ́n ń pe ara wọn. Àwọn ọmọ ogun Kit Carson, ọ̀gá ológun Amẹ́ríkà kan, sun oko wọn, wọ́n gé igi píìsì wọn lulẹ̀, àwọn Ute kan sì wà lára àwọn tó ń tọ́nà fún Carson, ní 1864 wọ́n fipá mú wọn fẹsẹ̀ rìn lọ sí àhámọ́ ní Bosque Redondo, ebi àti àìsàn pa wọ́n lọ bí ilẹ̀ bí ẹní níbẹ̀, 1868 ni wọ́n tó fọwọ́ sí àdéhùn tí wọ́n fi padà sílé. Nígbà tí epo wá jáde nítòsí Shiprock ní 1921 sí 1922, tí kò jìnnà sí yín rárá, wàhálà ìjọba ni pé kò sí ẹnì kan tó lè fọwọ́ síwèé lórúkọ gbogbo Navajo. Wọn ò ní ọba kan ṣoṣo, agboolé agboolé ni wọ́n ń ṣèpàdé, tí wọ́n bá sì pe àwọn àgbà jọ, àwọn àgbà lè ní àwọn ò gbà, wọ́n sì ti sọ bẹ́ẹ̀ fún àwọn ilé-iṣẹ́ kan rí. Washington wá dá ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni 12 sílẹ̀. Ìpàdé àkọ́kọ́ wọn, ní Toadlena lóṣù July 1923, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe níbẹ̀ ni pé wọ́n fún aṣojú ìjọba tó ń jẹ́ Herbert Hagerman láṣẹ kó máa bá wọn fọwọ́ sí lísì epo. Ìyẹn ni pé ìgbìmọ̀ tí wọ́n dá sílẹ̀ kí ẹnì kan lè máa sọ̀rọ̀ fún Navajo, ohun tó kọ́kọ́ fi ẹnu yẹn sọ ni pé kí ẹlòmíì máa fọwọ́ síwèé fún Navajo.

Ẹ jẹ́ n wá mú yín dé Black Mesa, torí ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí ti hàn jù. Tí ẹ bá wakọ̀ láti Farmington gba Shiprock, gba Teec Nos Pos, tí ẹ kọjá Kayenta lórí US 160, ẹ máa rí òkè gbọọrọ kan tó dà bí ògiri lọ́wọ́ òsì yín. Òun ni. Bẹ́ẹ̀lì gígùn kan wà níbẹ̀ tó máa ń gbé èédú sọ̀kalẹ̀ látorí òkè, tó gba òkè títì kọjá bọ́ sínú àwọn àgbá ńlá tí ọkọ̀ ojú irin ti ń wá kó o. Mo dúró sábẹ́ ẹ̀ nígbà tó ṣì ń ṣiṣẹ́. Ariwo ẹ̀ ò dáwọ́ dúró, àtẹ̀lẹwọ́ mi dúdú nígbà tí mo fọwọ́ kan irin ẹ̀gbẹ́ títì, ìyá kan sì wà lábẹ́ àtíbàbà onígi tó ń ta búrẹ́dì dídín. Mo bi í bóyá iná dé ilé ẹ̀. Kò fìka tọ́ka, ẹnu ló na sí wáyà iná tó kọjá lórí wa, bí àwọn ìyá wa náà ṣe máa ń fẹnu nàka, ó ní iná yẹn ò yà lọ́dọ̀ àwọn.

Ilé-iṣẹ́ Peabody ló gba lísì èédú yẹn, ọ̀kan lọ́dọ̀ Navajo ní 1964, èkejì ní 1966 lórí ilẹ̀ tí Navajo àti Hopi jọ ni. Ìṣákọ́lẹ̀ tó wà nínú ìwé 1964 yẹn ò ju sẹ́ǹtì 37 àti ààbọ̀ lórí tọ́ọ̀nù kan. Ẹ wò ó dáadáa, iye owó ni wọ́n kọ, wọn ò kọ ìdá kan nínú iye tí wọ́n bá tà á. Èédú wọ́n, sẹ́ǹtì 37 àti ààbọ̀. Èédú tún wọ́n sí i, sẹ́ǹtì 37 àti ààbọ̀. Nígbà tó fi máa di 1984, owó yẹn ò ju nǹkan bí ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún iye tí wọ́n ń ta èédú náà, bẹ́ẹ̀ sì rèé, lórí ilẹ̀ ti ìjọba fúnra ẹ̀, Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì ti fi òfin dè é pé ìṣákọ́lẹ̀ èédú téèyàn bá wà lójú ilẹ̀ ò gbọ́dọ̀ dín ní ìdá 12 àti ààbọ̀ nínú ọgọ́rùn-ún. Alágbàtọ́ mọ iye tí ọjà ń lọ nígbà tó ń ta tiẹ̀.

Omi tún wà níbẹ̀ o. Apá kan nínú èédú yẹn, ńṣe ni wọ́n ń lọ̀ ọ́ kúnná, wọ́n á pò ó mọ́ omi bí ẹni po ọ̀gì, wọ́n á fi pọ́ńpù tì í gba inú páìpù tó gùn tó máìlì 273 lọ sí ilé-iṣẹ́ iná Mohave ní Nevada. Omi tó mọ́ jù lábẹ́ ilẹ̀ aṣálẹ̀ yẹn ni wọ́n ń lò, ó lé ní 3 mílíọ̀nù gálọ́ọ̀nù lójúmọ́, fún ohun tó lé ní ọgbọ̀n ọdún, títí Mohave fi kógbá sílé níparí 2005. Omi tí àwọn aláìsàn yín ń fi ọkọ̀ gbé yẹn, ẹ rántí èyí tí ẹ bá tún rí wọn.

Ẹnì kan á béèrè pé ṣé wọn ò ní lọ́yà ni. Wọ́n ní. John Boyden ni lọ́yà àwọn Hopi, òun ló bá wọn dúnàádúrà lísì, àkọsílẹ̀ ọ́fíìsì tiẹ̀ tí wọ́n wá rí lẹ́yìn tó ti kú ló fi hàn pé ó ń ṣiṣẹ́ fún Peabody láàárín ìgbà kan náà. Inú ilé laṣeni ń gbé, àwọn àgbà ti sọ ọ́.

Ní ti Navajo, ìwé 1964 yẹn ní Sẹ́kítírì lè tún ìṣákọ́lẹ̀ yẹn ṣe tó bá pé ogún ọdún. Ogún ọdún pé ní 1984, wọ́n kọ̀wé béèrè, ọ̀gá àgbègbè ní ẹ̀ka ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ wọn wo gbogbo ẹ̀, ó ní kí wọ́n máa san ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún. Peabody pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn sí Washington. Kí ìdájọ́ tó jáde, Peabody rán aṣojú kan lọ bá Sẹ́kítírì Donald Hodel ní kọ̀rọ̀, ọ̀rẹ́ Hodel ni aṣojú yìí, ẹnikẹ́ni ò sọ fún Navajo, ní July 1985 Hodel wá kọ lẹ́tà sí ẹni tó wà nídìí ẹjọ́ pé kó sọ fáwọn méjèèjì pé ìdájọ́ ò tí ì yá, kí wọ́n padà lọ jọ sọ̀rọ̀. Àwọn Navajo tó ń retí owó, tí nǹkan ò rọgbọ fún, tí wọn ò mọ̀ pé ìdá 20 ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ sí wọn lọ́wọ́, wọ́n padà sídìí tábìlì, wọ́n gba ìdá 12 àti ààbọ̀. Wọ́n mọ̀ nígbẹ̀yìn, wọ́n pe ìjọba lẹ́jọ́ ní 1993, 600 mílíọ̀nù dọ́là ni wọ́n béèrè. Adájọ́ tó kọ́kọ́ gbọ́ ẹjọ́ náà sọ ọ́ gbangba pé ìjọba da àwọn tó fọkàn tán an, ṣùgbọ́n pé òfin ò sọ pé kí òun ní kó sanwó. Ẹjọ́ yẹn dé kọ́ọ̀tù tó ga jù lẹ́ẹ̀mejì, 2003 àti 2009, Navajo pàdánù lẹ́ẹ̀mejèèjì. Ohun tí kọ́ọ̀tù sọ ni pé òfin 1938 fún Sẹ́kítírì láṣẹ láti fọwọ́ sí lísì, kò sọ pé ó di dandan kó wá iye tó dáa jù fún wọn.

Mo ti ka ìdájọ́ 2003 yẹn lóríṣiríṣi ìgbà, ó ṣì ń dùn mí. Tó bá dọ̀rọ̀ ìbuwọ́lù, alágbàtọ́ ni ìjọba, tó bá dọ̀rọ̀ gbèsè, ìjọba kì í ṣe alágbàtọ́ mọ́. Ní 2014 ìjọba tún gbà láti san 554 mílíọ̀nù dọ́là fún Navajo lórí ẹjọ́ mìíràn, èyí tó dá lórí bí wọ́n ṣe fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe owó àti àlùmọ́ọ́nì wọn mọ́kumọ̀ku, owó gidi ni, mi ò fojú kéré ẹ̀, àmọ́ èédú ti lọ, omi ti lọ.

Ó wá kan ti màmá àgbà yín. Ní 1882, Ààrẹ Chester Arthur fi rúlà fa igun mẹ́rin sórí máàpù, nǹkan bíi mílíọ̀nù méjì àti ààbọ̀ éékà, ó ní ó di ti Hopi "àti àwọn Íńdíà mìíràn" tí Sẹ́kítírì bá fẹ́ kó gbé ibẹ̀. Àwọn Navajo ti wà nínú igun mẹ́rin yẹn kí rúlà tó débẹ̀, wọ́n sì ń bí sí i, àgùntàn wọn ń pọ̀ sí i. Mi ò ní purọ́ fún yín pé èédú nìkan ló dá ìjà yìí sílẹ̀, ó ti pẹ́ tí àwọn Hopi ti ń ké pé Navajo ń fi àgùntàn jẹ ilẹ̀ àwọn, ẹjọ́ wọn sì lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Àmọ́ kò sí ilé-iṣẹ́ èédú tó máa gba lísì lórí ilẹ̀ tí wọn ò mọ ẹni tó ni ín, torí náà wọ́n gba kọ́ọ̀tù lọ, ní 1962 kọ́ọ̀tù ní àárín ibẹ̀ jẹ́ ti Hopi nìkan, ìyókù jẹ́ ti àwọn méjèèjì lọ́gbọọgba. Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn ẹ̀ ni lísì jáde lórí ilẹ̀ àjọni yẹn. Ní 1974 Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì wá ṣòfin pé kí wọ́n là á sí méjì, ní 1977 adájọ́ fa ìlà, nǹkan bí 900,000 éékà fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá bá ara ẹ̀ lódìkejì ìlà á kó. Nǹkan bí ọgọ́rùn-ún Hopi ló kó, Navajo tó kó lé ní 10,000. Kẹ́ ẹ sì wá wo èyí, ojú ilẹ̀ nìkan ni wọ́n pín. Èédú tó wà nísàlẹ̀ ṣì jẹ́ ti àwọn méjèèjì pa pọ̀, Peabody ò ní láti kó lọ síbì kankan.

Àwọn kan nínú àwọn tó kó, ìlú ni wọ́n kó wọn lọ, wọ́n kọ́lé fún wọn, àwọn tí kò sanwó ilé rí láyé wọn tí ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n wá ń gba bíìlì iná àti owó orí ilé, kò pẹ́ tí ọ̀pọ̀ fi pàdánù ilé náà. Wọ́n kó àwọn mìíràn lọ sí ilẹ̀ tuntun nítòsí Sanders, létí odò Puerco, odò yẹn gan-an ni ìdọ̀tí yùréníọ́mù ti ya wọ̀ ní July 1979 nígbà tí ìdídò Church Rock ya, gálọ́ọ̀nù mílíọ̀nù 94. Àwọn kan ní Big Mountain kọ̀ jálẹ̀, àwọn ìyá arúgbó ló pọ̀ jù nínú wọn, wọ́n ní ibẹ̀ ni wọ́n sin ìwọ́ àwọn sí. Navajo máa ń sin ìwọ́ ọmọ sítòsí ilé tàbí ọgbà àgùntàn kí ọmọ má baà gbàgbé ilé, mi ò rò pé mo nílò láti ṣàlàyé ìyẹn fún ọmọ Yorùbá. Ní 1996 wọ́n fún irú wọn ní àdéhùn ọdún 75, kí wọ́n dúró lábẹ́ òfin Hopi, wọ́n wá di ayálẹ̀ níbi tí ìwọ́ wọn wà.

Lápá ìwọ̀ oòrùn, nítòsí Tuba City, torí ìjà Navajo àti Hopi kan náà yìí, kọmíṣánnà ìjọba àpapọ̀ fún ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ bíbí, tó ń jẹ́ Robert Bennett, pàṣẹ ní 1966 pé lórí nǹkan bíi mílíọ̀nù kan àti ààbọ̀ éékà, ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ kọ́ nǹkan kan àfi tí ẹ̀yà méjèèjì bá fọwọ́ sí i. Òrùlé ń jò, ẹ ò lè pààrọ̀ ẹ̀. Ọmọ gbéyàwó, kò lè fa yàrá kan mọ́ ilé ìyá ẹ̀. Wáyà iná ò lè wọlé, páìpù omi ò lè wọlé. 2009 ni wọ́n tó fagi lé e. Ẹni tí wọ́n bí lọ́dún tí àṣẹ yẹn jáde ti pé ẹni ọdún 43. Tí aláìsàn yín bá ti ìhà ibẹ̀ wá, tó ní òun ò níná, kì í ṣe ọ̀lẹ, kì í sì ṣe pé wọn ò fẹ́ ọ̀làjú, òfin ló sọ pé kí ilé wọn máa wó lé wọn lórí.

Àwọn Ute wá ńkọ́? Ìjọba mẹ́ta ni wọ́n: Southern Ute ní Ignacio, Ute Mountain Ute ní Towaoc, méjèèjì ní Colorado, àti àwọn ti Uintah àti Ouray ní Utah. Ìdá kan nínú mẹ́ta Colorado, lápá ìwọ̀ oòrùn, ni àdéhùn 1868 fún wọn, wọ́n rí wúrà àti fàdákà ní òkè San Juan, ọdún márùn-ún péré lẹ́yìn àdéhùn yẹn wọ́n ti gba òkè náà, nígbà tó di 1881 wọ́n ti lé púpọ̀ nínú wọn lọ sí Utah. Ní 1905 ìjọba ṣí ilẹ̀ Uintah fún àwọn àgbẹ̀ funfun, látìgbà yẹn ni kò ti sẹ́ni tó lè tọ́ka sí ààlà láìlọ kọ́ọ̀tù. Ní 1994 kọ́ọ̀tù tó ga jù ní ilẹ̀ tí wọ́n ṣí yẹn ti kúrò lára rìsàfẹ́ṣọ̀n, ìyẹn ilẹ̀ tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ẹ̀yà náà, àárín Utah àti Ute ò sì tòrò lẹ́yìn ẹ̀, tí ọlọ́pàá bá dá mọ́tò dúró níbẹ̀, ẹ máa kọ́kọ́ wo máàpù kẹ́ ẹ tó mọ kọ́ọ̀tù tó máa gbọ́ ẹjọ́ náà.

Àwọn Southern Ute ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ wò dáadáa. Wọn ò tó 2,000 èèyàn. Àwọn náà jẹ irú ìyà tí Navajo jẹ, lísì ọlọ́dún gbọọrọ, ìṣákọ́lẹ̀ kékeré, ilé-iṣẹ́ ló ń ka gáàsì fúnra ẹ̀, ilé-iṣẹ́ ló ń sọ iye tó kà. Ní 1974, nígbà tí Leonard Burch jẹ́ alága wọn, wọ́n ní ó tó gẹ́ẹ́, wọn ò fọwọ́ sí lísì tuntun mọ́. Ẹ rò ó wò, nígbà tí epo ń gbówó lórí gan-an lágbàáyé ni wọ́n tilẹ̀kùn. Wọ́n jókòó ti ìwé wọn, wọ́n gba àwọn tó mọ̀ nípa ilẹ̀, wọ́n ń lọ ka kànga kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń wò ó bóyá iye tí ilé-iṣẹ́ san bá iye tó jáde mu. Ní 1992 wọ́n dá ilé-iṣẹ́ tiwọn sílẹ̀, Red Willow, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ra lísì àtijọ́ padà, kànga tó wà lórí ilẹ̀ wọn bọ́ sí wọn lọ́wọ́, nígbà tó yá wọ́n ń náwó sínú kànga tó wà láàárín òkun ní Gulf of Mexico.

Kì í ṣe pé gbogbo ẹ̀ rọ̀ wọ́n lọ́rùn. Ilẹ̀ kan wà tí ìjọba pín fún àwọn àgbẹ̀ funfun láyé ọjọ́un, àmọ́ tí ìjọba ní òun mú èédú abẹ́ ẹ̀ kúrò níbẹ̀ fún ara òun, ní 1938 ìjọba dá èédú yẹn padà fún Southern Ute. Gáàsì wá ń jáde látinú èédú yẹn. Southern Ute ní tàwọn ni gáàsì tó wà nínú èédú àwọn, ilé-iṣẹ́ epo Amoco ní rárá. Ní 1999 adájọ́ méje sí ẹyọ kan ní kọ́ọ̀tù tó ga jù sọ pé nígbà tí wọ́n kọ òfin tí ìjọba fi mú èédú yẹn fún ara ẹ̀ ní 1909 àti 1910, ohun tí èèyàn ń pè ní èédú ni òkúta dúdú tí wọ́n ń dá nínú iná, gáàsì ò sí níbẹ̀. Wọ́n pàdánù, àmọ́ wọ́n ti nílé-iṣẹ́ tiwọn nígbà yẹn, nǹkan ò dẹnu kọlẹ̀ fún wọn.

Àwọn Navajo náà ò kúkú sùn. Ní 1985 kọ́ọ̀tù gbà pé wọ́n lè bu owó orí lé àwọn ilé-iṣẹ́ epo láìtọrọ àyè lọ́wọ́ Sẹ́kítírì, òfin 1982 sì ti jẹ́ kí ẹ̀yà lè bá ilé-iṣẹ́ da owó pọ̀ dípò kí wọ́n kàn yá wọn nílẹ̀. Ní 2005 wọ́n fòfin de wíwa yùréníọ́mù, lẹ́yìn tí ihò tí àwọn tó wà á ṣí sílẹ̀ lé ní 500, tí àwọn bàbá tó ṣiṣẹ́ nínú ẹ̀ ń kú ikú ẹ̀dọ̀fóró, ẹ̀yin tí ẹ wà nílé ìwòsàn mọ ìyẹn jù mí lọ. Àwọn Ute Mountain tó wà ní White Mesa ní Utah ṣì ń bá tiwọn jà, torí ilé-iṣẹ́ tó ń lọ yùréníọ́mù wà ní máìlì díẹ̀ sí ilé wọn, ẹ̀rù omi mímu wọn ń bà wọ́n. Ibi ìwakùsà Kayenta àti ilé-iṣẹ́ iná tó ń jó èédú ẹ̀ nítòsí Page kógbá sílé ní 2019, bẹ́ẹ̀lì tí mo sọ ọ̀rọ̀ ẹ̀ dákẹ́. Inú àwọn kan dùn, àwọn kan sunkún torí iṣẹ́ tó sanwó jù lágbègbè yẹn ló lọ, ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni sọ fún yín pé ohùn kan ni gbogbo Navajo ní lórí ẹ̀.

Ó ku ọmọ màmá àgbà tó ń wá ìwé ilé. Kò sẹ́ni tó ń ra pílọ́ọ̀tì lórí ilẹ̀ Navajo, lísì ilé ni wọ́n ń gbà, kì í ju éékà kan lọ, ọdún 75. Láti 2014 Navajo ti gbàṣẹ láti máa fọwọ́ sí irú ẹ̀ fúnra wọn, Washington kọ́ ló ń dá a dúró mọ́. Ohun tó sábà máa ń dá a dúró ni ìwé pápá ẹran. Láyé 1930 sí 1940 tí ìjọba ń pa àgùntàn wọn ní ọ̀wọ́ ọ̀wọ́, wọ́n pín ìwé fún ẹni tó lè da ẹran níbì kọ̀ọ̀kan, ẹni tó bá sì fẹ́ kọ́lé síbẹ̀ lónìí gbọ́dọ̀ gbàṣẹ lọ́wọ́ ẹni tó ni ìwé yẹn kí súfèyọ̀ àti àwọn tó ń yẹ ilẹ̀ wò fún ohun ìṣẹ̀ǹbáyé tó lè wọ̀ ọ́. Ọ̀pọ̀ ìgbà, orúkọ bàbá àgbà tó ti kú ló ṣì wà níbẹ̀, àwọn ọmọ ò jókòó pín in, àbúrò kan lè gbà kí ẹ̀gbọ́n kan má gbà. Kó kọ́kọ́ lọ sí chapter house, ilé ìpàdé ìjọba àdúgbò wọn, kó wá ẹni tó ń rí sí ọ̀rọ̀ pápá ẹran, kó bi í pé orúkọ ta ló wà lórí ìwé ibẹ̀. Tó bá jẹ́ òkú, kọ́ọ̀tù ìdílé Navajo ni wọ́n ti máa kọ́kọ́ yanjú ogún yẹn, kò sí bó ṣe lè fo ìyẹn.

Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ bá mi bi màmá léèrè apá ibi tí ilé wọn wà sí ìlà 1977 yẹn. Tó bá bọ́ sápá Hopi, Window Rock ò lè fọwọ́ sí nǹkan kan fún wọn níbẹ̀, ọ́fíìsì Hopi ní Kykotsmovi ni ọmọ náà gbọ́dọ̀ lọ, ó sì lè jẹ́ pé ìdí tó fi wá ìwé fọ́dún mẹ́ta láìrí i nìyẹn, kó jẹ́ ọ́fíìsì tí ò ni ilẹ̀ náà ló ti ń tò. Ẹ kọ èsì ẹ̀ sí mi.